Èmi Ni Mo Fi Ẹsẹ̀ Dúwẹ́nì Dáná

Ẹ̀yin ìgbìmọ̀ àjọ̀dún Pétérù Mímọ́, ẹ má tíì dìbò. Ẹ jẹ́ kí n tú aṣọ lára ara mi kí ẹ tó tú ti Ulric. Àyà mi ti ń wúkọ́ bí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ apẹja tó mu omi iyọ̀, mi ò sì fẹ́ gbé irọ́ yìí wọ pósí. Ìdí mi nìkan ti tó láti kún un. Ẹ ní Ulric kò gbọdọ̀ gbẹ́ ère Pétérù tọdún yìí, pé olè ni, pé ó ta ẹsẹ̀ igi àwọn onífíìmù. Kò tà á. Èmi Eudora, Tántì yín, ni mo jí i.

Ẹ rántí fíìmù ọmọdé yẹn, tí wọ́n ṣe látinú ìwé ìtàn Tísà Maynard, níbi tí ọmọbìnrin kan ti wọgbó lọ gba àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́ dúwẹ́nì, àwọn iwin kéékèèké tí gìgísẹ̀ wọn wà níwájú. Èmi ni mo ń se oúnjẹ fún wọn. Ọ̀gbẹ́ni Farfan, olùdarí wọn, ní ojú mi bá ti màmá àgbà inú ìtàn mu. Mo rò pé ẹwà ló rí. Àṣé arúgbó tó wú bí ọ̀pọ̀lọ́ ló ń wá. Wọ́n fi Kezia, ọmọ-ọmọ mi, ṣe ọmọbìnrin náà.

Nínú ìwé, màmá àgbà kì í pe orúkọ ọmọ níta ní ìrọ̀lẹ́. Ọmọrí ìkòkò ló ń lù. Ta ni kò mọ̀ níbí pé bí dúwẹ́nì bá gbọ́ orúkọ ọmọ, ohùn ìyá rẹ̀ ni yóò fi pè é lọ? Farfan ní òǹwòran kò ní lóye ọmọrí. Ó ní kí n pe Kezia ní orúkọ rẹ̀ gan-an. "Gránì, ẹ pè é bí ẹni tó sọnù." Mo ní, "Ọ̀gá, bí mo bá pè é bẹ́ẹ̀, á sọnù lóòótọ́." "Fíìmù ni, Gránì." "Ṣé ẹ ti sọ fún dúwẹ́nì?" Ó rẹ́rìn-ín. Mo pè é. Ó ní ẹ̀fọn kọjá, kí n tún un pè. Mo pè é. Ó ní ìkùukùu bo oòrùn. Mo pè é. Ó ní mo dúró bí ẹni tí ìgbẹ́ ń gbọ̀n. Ó ń gbọ̀n mí lóòótọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Kezia ní òun gbọ́ lóru tí mo ń pe òun lẹ́yìn ilé. Orí ibùsùn ni mo wà, mò ń hanrun. Farfan sì ní a ó tún un ṣe nírọ̀lẹ́, pẹ̀lú àwọn ọmọkùnrin tí yóò wọ ẹsẹ̀ igi kédárì tí Ulric gbẹ́. Mo rò ó pé láìsí ẹsẹ̀, kò sí dúwẹ́nì, kò sì ní sí ìpè. Ulric gbé kọ́kọ́rọ́ ilé ẹrù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò mi, ó ń mu tíì kòkó. Mo wọlé, mo kó àwọn ẹsẹ̀ náà, mo kì wọ́n sínú iná lábẹ́ ìkòkò pelau, ìrẹsì aládìẹ tí mò ń sè. Wọ́n jó dáadáa, kí Ọlọ́run má bínú. Ulric jẹ ẹ́, ó ní, "Tántì, tòní yàtọ̀," ó sì gbé abọ́ wá pé kí n bù sí i.

Farfan wá àwọn ẹsẹ̀ náà títí, kò rí wọn; ibẹ̀ ló bá Ulric. "Ọwọ́ ẹ ni kọ́kọ́rọ́ wà. Ta lo tà á fún?" Ulric kọjú sí mi. "Tántì, ẹ bá mi sọ fún un. Ẹ̀yin lẹ wà níbí láti àárọ̀. Ṣé ẹ rí mi kí n gbé nǹkan jáde?" Èmi ńkọ́? Mo fi itan adìẹ kún abọ́ rẹ̀, mo ní, "Jẹun, ọmọ mi. Olúwa ló mọ̀." Ẹsẹ̀ ń jó lọ́wọ́, mò ń pe Olúwa. Wọ́n lé e níṣojú mi. Mo fi orúkọ ọmọ mi pamọ́ fún iwin, mo sì ju tirẹ̀ sí yín lẹ́nu.

Kí ni mo rí jẹ níbẹ̀? Farfan ya àwọn ọmọ náà láti orúnkún sókè, mo sì pe Kezia títí ọ̀fun mi fi gbẹ. Kezia ti di nọ́ọ̀sì ní Port of Spain. Dúwẹ́nì kankan ò mú un.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹ̀rù bá bà yín, ẹ kọ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa fi yín rẹ́rìn-ín. Ìgbìmọ̀, ẹ gbé igi ère Pétérù fún Ulric. Ulric, mo rí ọ lẹ́nu ọ̀nà, má dìde. Mo bẹ̀ ọ́, ṣùgbọ́n mi ò ní kí o dárí jì mí kíákíá. Kọ́kọ́ bú mi tẹ́rùn lójú gbogbo wọn. Mo ti jókòó, mi ò ní dá ọ lẹ́nu.