Ó Mọ̀ Ọ́n Wẹ̀

Ẹ má sọ pé kí n sinmi. Ọdún méje ni mo ti fi sinmi lórí ọ̀rọ̀ yìí, ìsinmi náà ló sì wú sí mi nínú báyìí. Dókítà ní Àjàṣẹ́ ti sọ ohun tó rí, ó ní kí wọ́n máa gbé mi padà sílé ní Sakété. Àdúrà tí ẹ gbà fún mi láàárọ̀, mo ṣe àmín sí i, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé àmín mi kò kọjá òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì yìí tí ẹ tẹ́ ẹní fún mi sí. Èmi Joséphine aránṣọ, ìyàwó Bonaventure akọ̀wé, ẹni tí ẹ̀yin ará ìjọ ń pè ní aláàánú, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo gbọ́dọ̀ tú síta lónìí, lọ́sàn-án gangan, kí gbogbo yín lè máa wo ojú mi bí mo ṣe ń sọ ọ́. Ìyá Jádesọ́lá, ẹ má dìde. Mo mọ̀ pé aláìsàn lẹ wá kí láti Yoko, ẹ sì gbé epo lọ́wọ́ gẹ́gẹ́ bí ìṣe yín. Ẹ gbé epo náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ yín ná. Bí mo bá sọ̀rọ̀ tán tí ẹ ní ẹ óò gbé e padà, ẹ̀yin lẹ jàre. Catherine, ìwọ náà fi abẹ̀bẹ̀ yẹn sílẹ̀ kí o jókòó, nítorí ọ̀rọ̀ náà kàn ọ́.

Òmìnira wa kò tíì pé ọdún méjì nígbà náà, Pobè la sì ń gbé. Ìwé kan wá láti Kútọnu sí ilé ẹ̀kọ́ pé nígbà wákánsì, wọn óò kó àwọn ọmọ jọ sí etí òkun fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láti kọ́ wọn ní ìmọ̀ òkun: bí omi ṣe ń kún tó ń fà, irú ẹja tó wà níbẹ̀, akàn, àti ohun abẹ̀mí tó ń gbé inú karawun. Wọ́n ní àwọn ọmọ yóò wọ ọkọ̀, wọn yóò kó nǹkan wọ̀nyí sínú ìgò, wọn yóò sì fi awò tó ń sọ kékeré di ńlá wò wọ́n. Ọmọ kan péré láti ilé ẹ̀kọ́ kan. Olùkọ́ wọn, Firmin, mú Catherine. Inú Bonaventure dùn débi pé kò sí ẹni tó yà ní ọ́fíìsì tí kò gbọ́. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà nínú ìwé náà: ṣé ọmọ yìí mọ odò wẹ̀? Wọ́n kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé kí ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n má ṣe wá. Bonaventure fi gègé sí "wí", ìyẹn bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní, "Bàbá Catherine, ọmọ yìí kò mọ odò wẹ̀ o." Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ta ló mọ̀ ọ́n ní Pobè? Kànga la ní, a ò ní odò. Bí gbogbo wa bá kọ pé rárá, ta ni yóò lọ?"

Ohun tí kò mọ̀ ni pé mo mọ omi. Ọmọ Àjàṣẹ́ ni mí, etí ọ̀sà ni wọ́n bí mi sí. Ọ̀sà yẹn ló gbé Dominique àbúrò mi lọ, ọmọ ọdún mẹ́wàá, ojú mi báyìí ló ṣe. Ó na ọwọ́ sókè lẹ́ẹ̀mejì, kò sì nà án lẹ́ẹ̀kẹta. N kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni ní ilé ọkọ, nítorí kí wọ́n má baà ní àkóbá ni mo gbé wọlé. Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn: mo mọ ohun tí omi ń ṣe fún ọmọ tí kò mọ̀ ọ́n. Kì í ṣe pé n kò mọ̀.

Nígbà tí Bonaventure kò gbọ́ ẹ̀bẹ̀, mo se ewé àsùnwọ̀n, mo pò ó mọ́ ẹ̀kọ fún Catherine. Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi. Ìgbẹ́ gbuuru tó ń yọ ọ́ lẹ́nu nígbà náà, tí o fi ń sunkún pé o fẹ́ kú, èmi ni. Olùkọ́ Firmin wá wò ó. Ó ní ó mà ṣe o, bí ara rẹ̀ bá yá kó tó di ọjọ́ ìrìn àjò yóò lọ, bí kò bá sì yá òun gbọ́dọ̀ tètè wá ẹlòmíì, kí ilé ẹ̀kọ́ Sakété má baà gba àyè Pobè mọ́ òun lọ́wọ́. Mo wá rí i pé níwọ̀n ìgbà tí àyè náà bá ṣófo, bàbá rẹ̀ yóò gbé e kúrò lórí ẹní, yóò sì fi sínú ọkọ̀ ni. Ọmọ kan gbọ́dọ̀ dí i. Ẹnu mi yìí ló sọ pé, "Jádesọ́lá ńkọ́?"

Ẹni tí kò mọ Jádesọ́lá nínú yín pọ̀. Ọmọ Fáṣínà ni, àgbẹ̀ kan ní Ahoyéyé. Òun àti Catherine jọ wà ní kíláàsì kan, wọ́n jọ ń jẹ nínú abọ́ mi. Eyín rẹ̀ ya níwájú, èédú kì í sì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀: ohun tó bá rí ni yóò yà sára ògiri. Ìbéèrè rẹ̀ kì í tán. Ẹja máa ń sùn bí? Ta ló da iyọ̀ sínú òkun? Ìyá rẹ̀ kò gbọ́ Faransé. Bó bá ti di ọjọ́ ọjà tó bá gbé epo wá sí Pobè, ìsọ̀ mi ló ń yà sí, nítorí èmi ni mo ń bá àwọn obìnrin oko ka ìwé. Firmin ní tirẹ̀, ará Àgbómẹ̀ ni, kò gbọ́ èdè wa ju "ẹ káàárọ̀" lọ. Àárín àwọn méjèèjì, ahọ́n mi ni afárá.

Firmin gbé ìwé wá bá ìyá Jádesọ́lá ní ìsọ̀ mi lọ́jọ́ ọjà. Ó ń bèèrè, mo ń túmọ̀. Orúkọ ńkọ́? Ọjọ́ orí ńkọ́? Wọ́n ti gún un lábẹ́rẹ́ ilẹ̀ẹ́gbóná? Ó wá kan ìbéèrè yẹn. Ó yẹ kí n sọ pé, "Ṣé ọmọ yìí lè lúwẹ̀ẹ́ nínú ibú, níbi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tólẹ̀?" Mo mọ̀ ọ́n sọ. Ó ti dé etí ahọ́n mi. Mo gbé e mì, mo ní, "Ṣé ọmọ rẹ mọ̀ ọ́n wẹ̀?"

Ìyá Jádesọ́lá bú sẹ́rìn-ín. "Háà, Ìyá Catherine, ẹ tún ń bèèrè! Ọmọ ọdún mọ́kànlá! Àràárọ̀, alaalẹ́ ló ń wẹ̀. Mi ò bá a wẹ̀ mọ́ láti ìgbà tó ti pé ọmọ ọdún márùn-ún." Firmin ní kí ló wí. Mo ní "wí". Mo gba gègé lọ́wọ́ rẹ̀, mo fi sí i. Ẹ wo bí Ọlọ́run ṣe ń fi èèyàn ṣe yẹ̀yẹ́: ní èdè àwọn Faransé, "wí" ni bẹ́ẹ̀ ni, ní tiwa, wí ni kéèyàn la ẹnu sọ ohun tó mọ̀. Mo kọ wí, n kò sì wí.

N kò ṣèèṣì o. Bí mo bá ṣèèṣì, ọ̀nà àtiṣe àtúnṣe ṣí sílẹ̀. Ìwé náà ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú aṣọ ìwẹ̀ dání. Ìyá rẹ̀ la ẹnu. "Aṣọ ìwẹ̀ kẹ̀? Ta ní ń wọ aṣọ wẹ̀?" Ìlẹ̀kùn rèé tó ṣí gbayawu. Mo ní, "Bí ti òyìnbó ṣe rí nìyẹn, ojú ń tì wọ́n." A jọ rẹ́rìn-ín. Mo fi àjákù aṣọ aláwọ̀ búlúù rán an fún ọmọ náà, n kò gba nǹkan kan, òun sì kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ní ìrọ̀lẹ́ tí ìrìn àjò ku ọ̀la, Jádesọ́lá wá wọn aṣọ náà wò. Mo kúnlẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀, abẹ́rẹ́ kún ẹnu mi. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ìyá Catherine, mo kà á nínú ìwé Mùsíọ̀ Firmin. Wọ́n ní ẹni tí kò bá mọ odò wẹ̀ kó má wá. Èmi ò mọ̀ ọ́n. Ṣé kí n sọ fún Mùsíọ̀?" Mo yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ní, "Má sọ ọ́. Bí o bá sọ ọ́, o ò ní rí òkun mọ́ láyé, ojú yóò sì ti ìyá rẹ. Ìgbà tí ẹ bá fẹ́ wọkọ̀, sọ fún wọn pé òòyì ń kọ́ ọ." Ọmọ tó ń bèèrè bóyá ẹja máa ń sùn, mo ní kó jókòó sórí iyanrìn nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń lọ wo ẹja! Mo mọ̀ pé kò ní jókòó. Ó ní, "Ẹ ṣé o, mà."

Nínú àpótí rẹ̀, ìyá rẹ̀ di ọṣẹ dúdú kan, ó di kànrìnkàn tuntun kan tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa lára igi. Ó ní kí ọmọ òun má baà lọ dọ̀tí láàárín àwọn ọmọ Kútọnu. Nígbà tí ọkọ̀ gbéra, Catherine ti dìde, ara rẹ̀ ti yá, ó dúró tì mí, ó ń juwọ́.

Ọjọ́ kẹfà ni wáyà dé. Ìgbì ti dojú ọkọ̀ kan dé. Àwọn ọmọ yòókù lúwẹ̀ẹ́ dé ibi tí wọ́n ti rí wọn fà. Ìkan kò dé. Firmin kà á dé ìdajì, ó nà án sí mi pé kí n kà á parí. Ẹ fẹ́ mọ ohun àkọ́kọ́ tó wá sí mi lọ́kàn? Ọpẹ́ ni. Mo ní, "Olúwa o ṣeun, kì í ṣe Catherine." Ìyẹn ni ẹ̀bùn tí mo mú wá sí pẹpẹ.

Ẹ rò pé ibẹ̀ ló burú jù? Ó ku ibi tó burú jù. Ọ̀gá kan wá láti Kútọnu láti tú ọ̀rọ̀ náà wò. Nínú kíláàsì ni wọ́n pè wá sí. Fáṣínà jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọdé, ó fi ọwọ́ lérán. Ṣóbándé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó ti ṣe sójà Faransé rí, dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ìyá Jádesọ́lá wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ọ̀gá náà ní, "Ta ló sọ pé ọmọ yìí mọ odò wẹ̀?" Firmin ní ìyá rẹ̀ ni. Ni gbogbo ojú bá yí sí mi kí n túmọ̀.

Ojú mi kò kúrò lára rẹ̀. Mo ní, "Wọ́n ní ṣé ìwọ lo sọ pé Jádesọ́lá mọ̀ ọ́n wẹ̀?"

Ó gbé orí sókè. "Èmi ni. Ó mọ̀ ọ́n wẹ̀. Ṣé wọ́n ní ọmọ mi dọ̀tí ni?"

Mo yíjú sí ọ̀gá náà, mo sọ ọ́ ní Faransé tó dán mọ́rán pé, ìyá náà gbà, òun ló sọ bẹ́ẹ̀, ó ní ojoojúmọ́ ni ọmọ náà ń lúwẹ̀ẹ́. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣóbándé gbọ́ èyí tó gbọ́ níbẹ̀, ó fò sókè. "Odò wo? Odò wo ló wà ní Ahoyéyé tí ọmọ fi ń lúwẹ̀ẹ́ lójoojúmọ́? O fi irọ́ pa ọmọ wa, kí wọ́n lè máa pè ọ́ ní ìyá ọmọ òyìnbó!" Obìnrin náà ké, "Mo ní ó ń wẹ̀ ni! Ó ń wẹ̀!" Ṣóbándé ní, "Ẹ gbọ́ ọ, ó tún ń tẹnu mọ́ ọn!" Bó ṣe ń sọ òtítọ́ tó ni ó ń há sí i. Ó wá wojú mi. Ó mọ̀ pé bí ẹnì kan bá wà tó lè tú u sílẹ̀, èmi ni. Gbólóhùn kan péré ni. Mo tún ìró mi ró, mo ní, "Ẹ mú sùúrù, Ọlọ́run ló fún wa, Ọlọ́run ló gbà á."

Wọ́n kó ẹrù rẹ̀ síta kó tó di ọjọ́ kẹta. Abiyamọ tó fi ẹnu ara rẹ̀ pa ọmọ, orúkọ tí wọ́n fún un ní Ahoyéyé nìyẹn. Ó padà sọ́dọ̀ àwọn èèyàn rẹ̀ ní Yoko. Láti ìgbà náà, lọ́dọọdún ló ń gbé epo wá fún mi, nítorí ó ní nígbà tí gbogbo ayé kọ òun, èmi nìkan ni mo bá òun sunkún. Lọ́dún tó kọjá ló sọ fún mi pé, "Ìyá Catherine, mo máa ń rò ó pé bóyá èmi ni mo ṣì í sọ." Mo ní kó fi sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Áà, Joséphine.

Catherine, na ọwọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí mi. Ìyá Jádesọ́lá, kànrìnkàn yín rèé. Ilé mi ni wọ́n gbé àpótí náà padà sí. Mo kó aṣọ fún yín, mo fi èyí pamọ́ nítorí pé bí ẹ bá rí i, ẹ óò bèèrè ọ̀rọ̀ tí yóò tú mi fó. Ẹ dárí jì mí bí ẹ bá lè ṣe é. Bí ẹ kò bá lè ṣe é, n kò ní bínú, n kò ní ojú tí mo fẹ́ fi bínú. Ẹ̀yin ọmọ tó ń lọ sílé ẹ̀kọ́, tí ìyá yín ń fi ìwé lé lọ́wọ́ pé ẹ bá òun kà á, ẹ wò mí dáadáa. Ẹni tó gbọ́ èdè méjì láàárín àwọn tó gbọ́ ẹyọ kan, ọ̀bẹ ló mú dání.

Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ló kù, kì í sì í ṣe fún ara mi. Kí ẹnì kan nínú ìjọ yìí lọ sí Ahoyéyé lọ́la. Kó dúró ní agbo ilé Fáṣínà, kó pe Ṣóbándé jáde, kó sọ fún wọn pé Joséphine aránṣọ ló parọ́. Ohun tí ìyá Jádesọ́lá sọ, òtítọ́ ni. Ọmọ rẹ̀ mọ̀ ọ́n wẹ̀, àràárọ̀, alaalẹ́.