Ọba Tí A Kò Pè Ní 'Wọ́n' Mọ́

Alága wa lọ́jọ́ òní, Elder Adégbọlá, mo kí yín. Pásítọ̀ Japheth, ẹ̀yin tí ẹ fún wa ní họ́ọ̀lù yìí láti ìbẹ̀rẹ̀, tí ẹ kò sì lé wa rí pẹ̀lú gbogbo ariwo wa, mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ̀yin Mummy tí ẹ ti ibi iṣẹ́ alẹ́ wá tààrà láì tíì fojú ba oorun, ẹ̀yin Daddy, ẹ̀yin òbí láti Thamesmead, Plumstead àti Belvedere, ẹ̀yin ọmọ mi tí tíì inú eré wa ṣì ń kán lára aṣọ yín, mo kí gbogbo yín lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi adé tó wà lórí mi rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ ṣí i kí n tó dìde sọ̀rọ̀, ọwọ́ mi ló kọ̀.

Agolo bisikíìtì ni adé yìí. Ìyàwó mi, Ọmọ́bọ́lá, ló gé e, ó sì fi aṣọ tó ṣẹ́kù lára fìlà mi wé etí rẹ̀ kó má baà gé mi lórí. Àwa méjèèjì la bẹ̀rẹ̀ kíláàsì Yorùbá ọjọ́ Sátidé yìí, nígbà tí mo ṣì ń wa bọ́ọ̀sì láàárín Woolwich àti Thamesmead ní Lọ́ńdọ̀nù níbí. Àwọn ọmọ wa kò fẹ́ sọ Yorùbá rárá. Bí a bá ní kí wọ́n kàwé, aago ara ògiri ni wọ́n ń wò. Ọmọ́bọ́lá ló ní, 'Fún wọn ní ìjà. Tí wọ́n bá ń jà, wọ́n á sọ̀rọ̀.' Ìjà wo ni kí n fún wọn? Ìjà àwọn ará Amẹ́ríkà pẹ̀lú ọba Gẹ̀ẹ́sì ló wá sí mi lọ́kàn, nítorí pé kò sí ọmọ tí kò fẹ́ràn Amẹ́ríkà, àti nítorí pé nínú Woolwich yìí gan-an ni wọ́n ti ń rọ àwọn ìbọn ńlá nígbà ogun náà. Nígbàkigbà tí a bá kó àwọn ọmọ lọ sí Arsenal, ilé ìrọ̀bọn àtijọ́ yẹn, wọ́n á fọwọ́ kan irin tútù àwọn ìbọn náà, wọ́n á sì gbàgbé fóònù wọn. Ẹ mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣe ohun kékeré.

Ta ló wá máa ṣe ọba? Kò sọ́mọ tó gbà. Bí èmi Akínbọ́lá, tí wọ́n bí sábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Iléṣà, ṣe di Ọba Jọ́ọ̀jì nìyẹn. Lọ́dọọdún, àwọn ọmọ á wá kúnlẹ̀ níwájú mi: 'Kábíyèsí, ẹ gbọ́ tiwa. Owó ibodè tí ẹ bù lé tíì pọ̀ jù, a kò sì ní ẹni tó ń gbẹnu sọ fún wa níbi tí ẹ ti ń ṣòfin.' Èmi á gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bí ọba ṣe gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lóòótọ́. Wọ́n á bínú, wọ́n á da tíì sínú báàfù tí a fi ń wẹ ọmọ tuntun. Ìyá wo ló wà níbí tí kò tíì fọ aṣọ nítorí tíì yẹn? Ẹ foríjì wá o.

Lẹ́yìn tíì ni ẹ̀sùn. Ibẹ̀ ni àwọn ará Amẹ́ríkà ti ń ka gbogbo ohun tí ọba ti fojú wọn rí, kí wọ́n tó kéde òmìnira. Èmi ni mo túmọ̀ rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ò mọ àgbà yàtọ̀ sọ́mọdé, ohun kan náà ni wọ́n fi ń pe ọba àti ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀. Èmi ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Mo kọ ọ́ pé: 'Wọ́n kọ̀ láti fọwọ́ sí òfin tó dára. Wọ́n kó ọmọ ogun wá sáàárín wa. Wọ́n dáná sun ìlú wa.' Ọba ni, ẹ jọ̀ọ́! Ṣé kí n wá pe ọba ní 'ó' ni? Nínú ilé tí wọ́n ti tọ́ mi, ọmọ tó bá pe àgbà ní 'ó', omi ló máa mu sùn.

Lọ́dún yìí, Moyinolúwa, ọmọbìnrin tó ka ẹ̀sùn níwájú yín nínú eré òní, nawọ́ sókè nígbà tí a ń fi eré dánra wò. 'Uncle, wọ́n yẹn, àwọn wo ni? Is it the soldiers? Ṣebí ọba kan ṣoṣo ni?' Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ wo ọ̀ràn! Gbogbo ọdún wọ̀nyí, àwọn ọmọ ti rò pé àwọn ọmọ ogun ni à ń fẹ̀sùn kàn, tàbí gbogbo ará Lọ́ńdọ̀nù. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ọba ni. Kí n tó dáhùn, Mọ́wùnmí, ọmọ mi tó ń bá mi kọ́ kíláàsì, ti mú bírò. Ó fa igi lé gbogbo 'wọ́n' yẹn, ó kọ 'ó' rọ́pò wọn.

Mo pariwo. Mo ní kò sẹ́ni tó máa pe ọba ní 'ó' nínú kíláàsì mi. Mọ́wùnmí ní, 'Daddy, tí àwọn ará Amẹ́ríkà bá ṣì lè pe ọba ní wọ́n, wọn ò tíì kúrò lọ́dọ̀ ẹ̀ nìyẹn. Ọlọ́run ńkọ́? Ṣé wọ́n lẹ máa ń pè é tẹ́ ẹ bá ń gbàdúrà?' Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Mo mú kóòtù mi, mo jáde, inú sì bí mi tó bẹ́ẹ̀ tí èmi dẹ́rẹ́bà bọ́ọ̀sì ṣi bọ́ọ̀sì wọ̀. Ní Belvedere ni mo ti lajú. Láti ọjọ́ yẹn, èmi àti ọmọ mi ò bára wa sọ ju 'Daddy, ṣé ẹ ti lo oògùn yín?' lọ. Ẹ sì mọ̀ pé ní Túsìdeè ni mò ń padà sí Iléṣà pátápátá. Mo rò pé bí a ṣe máa pínyà nìyẹn.

Ọmọ́bọ́lá ì bá ti bá wa parí ẹ̀. Lọ́dún tó kọjá la sin ín sí Plumstead, òun ni mo sì ń fi sílẹ̀ níhìn-ín lọ. Ó ń dùn mí, ẹ̀yin èèyàn mi. Ó ń dùn mí gan-an. Ilé tí èmi nìkan wà kò ṣe é gbé mọ́, síbẹ̀ ta ni yóò máa bá mi tún òdòdó orí ibojì rẹ̀ ṣe? Ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, níwájú ọmọ, 'wọ́n' ló ń pè mí. 'Daddy yín ti dé, ẹ bu oúnjẹ wọn wá.'

Lánàá, Mọ́wùnmí wá bá mi di ẹrù. Nígbà tó kan adé yìí, ó gbé e lọ́wọ́, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ní, 'Daddy, ṣé ẹ mọ ohun tí Mummy sọ fún mi kẹ́yìn ní ọsibítù? Wọ́n ní, "Bá mi tọ́jú ẹ̀. Ó máa ń gbàgbé láti jẹun."' Ẹ gbọ́? Ó. Ṣé àrífín nìyẹn? Obìnrin tó bu ọlá fún mi láti ọjọ́ tí a ti pàdé! Kò ráàyè ọ̀wọ̀ mọ́ ni, ìfẹ́ nìkan ló kù lẹ́nu rẹ̀. Mo lọ bọ́jú.

Òní ni mo fẹ́ dá Mọ́wùnmí lóhùn. Ohun kan wà tí a kò fi sínú eré wa rí. Nígbà tí ogun parí, Amẹ́ríkà rán aṣojú wọn àkọ́kọ́ wá bá Ọba Jọ́ọ̀jì ní Lọ́ńdọ̀nù níbí. Ọba sọ fún un, ká sọ ọ́ ní èdè tiwa: 'Èmi ni mo gbà kẹ́yìn pé kí ẹ lọ. Nísinsìnyí tí ẹ ti lọ, èmi ni mo fẹ́ kọ́kọ́ bá yín ṣọ̀rẹ́.' Wọ́n ní ohùn ọba ń gbọ̀n. Ẹ̀yin náà ń gbọ́ tèmi.

Mọ́wùnmí, ẹ dìde. Ẹ ò ṣì mí gbọ́ o, 'ẹ' ni mo pè yín. Láti òní, ẹ̀yin ni tíṣà àgbà kíláàsì yìí, èmi tí mo bí yín ni mo sì kọ́kọ́ kí yín. Ohun tí ẹ kọ sí eré yẹn ló tọ́. Mo jókòó sórí àga ọba yẹn nínú eré òní, mo gbọ́ ọ lẹ́nu Moyinolúwa: 'Ó dáná sun ìlú wa.' Fún ìgbà àkọ́kọ́, mo mọ̀ pé èmi ni wọ́n ń bá wí. Ẹ wá gba adé yín. Ẹ má sunkún, ẹ jẹ́ kí n rí ọ̀nà ṣí i lórí.

Ẹ̀yin èèyàn mi, Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín lójú títì àti lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́. Kò ní jẹ́ kí ilé yín ṣófo. Yorùbá kò ní kú lẹ́nu àwọn ọmọ wa. Ẹ bá mi máa yà wo Ọmọ́bọ́lá ní Plumstead. Mo dúpẹ́, mo tún ọpẹ́ dá.

Lọ́dún tó ń bọ̀, ọmọ kan á wo àga yìí, á bèèrè pé níbo ni ọba wà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún un pé 'wọ́n ti lọ'. Á rò pé gbogbo wa la lọ. Ẹ sọ fún un pé, ó ti lọ.