Ẹsẹ̀ Tí Kò Dúró De Bàtà

Rárá o, mà, mi ò ní jókòó, ẹ ṣeun, àga yín ò ṣẹ̀ mí, fáìlì tó wà lọ́wọ́ mi yìí ni mo bá wá! Kò wá, kò wá, kò wá! Ẹ̀ẹ̀mẹta! Ta ni kò wá? Àbúrò mi tí ìyá mi ń pọ̀n gun àtẹ̀gùn mẹ́tàlélógójì, torí pé òkè kejì lẹ gbé ìtọ́jú àwọn ọmọ tí kò lè rìn sí, òun lẹ ní kò wá?

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀, mà. Ẹ tó bí mi lọ́mọ, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lọ̀gá ẹ̀ka yìí, ẹ̀yin lẹ sì fọwọ́ sí i pé kí wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lára àwọn tó ń gba ìtọ́jú. Ọmọ ọdún márùn-ún! Adájọ́ là ń pè é nílé, torí pé ẹnu rẹ̀ ò tíì là dáadáa, ṣùgbọ́n tó bá ti wo èèyàn láti òkè délẹ̀ báyìí, ẹjọ́ onítọ̀hún ti parí nìyẹn. Kò ké lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, ọpọlọ rẹ̀ fara gbọgbẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ wá le bí igi. Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ ìyá mi bí wọ́n á ṣe máa na ẹsẹ̀ náà kó lè rọ̀. Láràárọ̀, wọ́n á tẹ́ ẹní, wọ́n á máa ti àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ sókè díẹ̀díẹ̀, wọ́n á máa kà á dé ọgbọ̀n, Adájọ́ á figbe ta bí ẹni tí wọ́n ń pa, ọgbọ̀n á pé, á bú sẹ́rìn-ín. Ó ti ń fẹsẹ̀ tẹlẹ̀, mà! Ẹ̀yin gan-an lẹ pàtẹ́wọ́!

Ẹ wá ní ó kù kó wọ bàtà ike tó máa di ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Ẹ wọn ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ ní ká padà wá lẹ́yìn oṣù kan. A dé, bàtà ò tíì dé. Obìnrin tó wà lẹ́nu ọ̀nà yín ní láìsí bàtà, ọmọ ò gbọdọ̀ gun pákó ìdúró tí ẹ fi ń kọ́ wọn bí wọ́n á ṣe dúró, ká máa lọ. A tún wá, ká máa lọ. A tún wá! Tí wọ́n bá ti lé wa tán, á ṣí fáìlì, á kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò wá, torí pé òfin yín ni pé ọmọ tí kò bá dé orí pákó, kò wá nìyẹn! Háà! Èèyàn wà lẹ́nu ọ̀nà, òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀, ẹ ní kò sí níbẹ̀!

Oṣù kẹsàn-án lẹ́yìn tí ẹ wọn ẹsẹ̀ rẹ̀ ni bàtà tó dé. Ẹsẹ̀ ọmọ ha ń dúró deni bí? Ó ti dàgbà! Àwọn òṣìṣẹ́ yín fi tipátipá ti ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ inú bàtà, gìgísẹ̀ rẹ̀ bó, ẹ̀jẹ̀ ń dà, ìyá mi bọ́ bàtà náà kúrò. Kí lẹ kọ? Ìyá kọ ìtọ́jú!

Ẹ ní ta ló ní kí n ka fáìlì? Ẹ fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ẹ ń pa làpálàpá! Ẹ̀yin lẹ ní kí ẹbí máa fọwọ́ ara wọn gbé e wá láti yàrá tí ẹ ń kó fáìlì sí, àbí ẹ rò pé kò sẹ́ni tó kàwé nínú wa ni? Lánàá, lórí bẹ́ǹṣì tó wà níta yẹn, mo kà á sí ìyá mi létí. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, àbí mo kọ̀ ọ́ lóòótọ́ ni, mi ò rántí?" Wọn ò mọ̀wé, mà. Ohun tó bá ti wà nínú ìwé, òótọ́ ni lójú tiwọn.

Gìgísẹ̀ Adájọ́ ò kanlẹ̀ mọ́. Dókítà ní iṣan rẹ̀ ti súnkì, tó bá fi pé oṣù mẹ́ta sí i láìsí ìtọ́jú, ọ̀bẹ ló kù. Ọ̀bẹ! Lára ọmọ tó ti ń fẹsẹ̀ tẹlẹ̀!

Ẹ máa wádìí? Ẹ fẹ́ wádìí kí ni? Ẹ ní àwọn ọmọ mìíràn ń dúró de àyè rẹ̀? Mo mọ̀ wọ́n! Mo ti bá àwọn ìyá wọn sọ̀rọ̀, mẹ́fà nínú àwọn ọmọ náà ni bàtà ò gba ẹsẹ̀ wọn mọ́, orúkọ wọn rèé, mo ti kọ ọ́ sílẹ̀, kò sì sí ibi tí mi ò ní gbé e dé, Ọlọ́run ń gbọ́ mi.

Kálámù rèé, mà. Ẹ fagi lé ohun tẹ́ ẹ kọ sínú fáìlì yìí. Ẹ kọ ọ́ pé ọmọ wá lẹ́ẹ̀mẹta, àwa la lé e, ìyá rẹ̀ ò kọ ìtọ́jú rárá. Kẹ́ ẹ dá orúkọ rẹ̀ padà. Lẹ́yìn náà, kẹ́ ẹ bọ́ síta, kẹ́ ẹ kà á sí ìyá mi létí fúnra yín, kẹ́ ẹ sì kà á sókè, kí gbogbo àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì gbọ́.