Àkísà Tí Mo Fi Nu Ọwọ́ Mọ́nsúrù

Ẹ̀yin ará ẹgbẹ́ olóyin, ẹ ní sùúrù díẹ̀ kí Àkànkẹ́ tó ki ọwọ́ bọ inú ìkòkò yìí. Ọ̀rọ̀ kan há mi lọ́fun láti ọdún tí Mọ́nsúrù, bàbá rẹ̀, ti fi Akotogbo sílẹ̀. Ikọ́ tó ń ṣe mí yìí kò jọ èyí tí yóò fi mí sílẹ̀. Bí mo bá gbé ọ̀rọ̀ náà mì lónìí, màá gbé e wọ sàréè, ọmọ yìí ni yóò sì jẹ ìyà rẹ̀.

Gbogbo yín lẹ ń pè mí ní Benedict Olóyin. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi níṣẹ́ yìí. Mo jókòó ti ìkòkò, mo ń wò ó. Ojú ni mo fi kọ́ ọ pé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí òdòdó pọ̀, ni à ń gé afárá. Pé bí òjò bá ti wọlé, a kì í fọwọ́ kan èyí tó kù, torí òun ni oyin yóò máa jẹ títí òjò yóò fi dá. Mo tún rí i pé ibi tí ìyá oyin bá wà ni gbogbo ilé rẹ̀ ń wà. Ìmọ̀ yẹn ló bà mí jẹ́.

Ní ọdún 1964, ìkòkò tí Aníwúrà opó so sórí igi ìyeyè kún fún oyin débi pé ó ń dún bí ẹ̀rọ tí ń lọ àgbàdo. Mo ní mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n á tẹ̀lé mi ni. Irọ́ ni. Ojú kòkòrò ni. Mo mú ìyá oyin wọn, mo fi í sínú páálí ìṣáná tí mo dá ihò sí lára, mo gbé e sínú ìkòkò òfìfo tèmi tí mo so sí ẹ̀ka kejì igi náà. Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti ń tú jáde, wọ́n ń wọ́ bọ̀ bí aṣọ tí afẹ́fẹ́ gbé. Inú mi dùn bí ẹni tó bí ìbejì. Nígbà tí wọ́n wọlé tán, mo gbé e lọ sóko mi. Opó kò ní nǹkan kan mọ́.

Ẹ rántí bó ṣe rí lẹ́yìn náà. Ọ̀nà oko Mọ́nsúrù gba ìdí igi yẹn, ó sì ń ta oyin ní Òkìtìpupa, ni ẹ bá fura sí i. Vincent, tó jẹ́ olórí wa nígbà náà, bi í pé, “Mọ́nsúrù, oyin tìrẹ kì í tán. Àbí ìyàwó rẹ ló ń bí wọn?” A rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, ó ní, “Bàbá, ẹ mú mi lọ sídìí ìkòkò. Wállàhí, ọwọ́ mi mọ́.” Òun fúnra rẹ̀ ló béèrè. Ó gbà gbọ́, bí gbogbo yín ti gbà gbọ́, pé bí èèyàn bá ki ọwọ́ bọ ìkòkò, oyin kì í ta ọwọ́ tí kò jalè.

Èmi ni mo máa ń di agolo èéfín tó ń mú oyin rọlẹ̀ mú. Èmi náà ni mo máa ń fi àkísà tí a rẹ sómi nu ọwọ́ ẹni tí a fẹ̀sùn kàn, kó má baà fi oògùn ra á. Mo sì ti kíyè sí i tipẹ́ pé bí oyin kan bá ta èèyàn, òórùn kan máa ń jáde bíi ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó pọ́n jù, òórùn náà ló ń pe àwọn yòókù. Kí a tó pé jọ, mo rún oyin mélòó kan sínú àkísà náà, mo ká a. Mo nu ọwọ́ Mọ́nsúrù dé ìgunpá. Ó ní, “Ẹ nù ún dáadáa, ẹ̀gbọ́n, kí wọ́n má ní mo fi nǹkan ra á.” Mo nù ún dáadáa.

Wọ́n bò ó. Ọwọ́, ọrùn, ojú. Agolo èéfín wà lọ́wọ́ mi, ìhá ẹyìn tí mo kó níbi tí wọ́n ti ń ṣe epo ń jó nínú rẹ̀, ó kù kí n fẹ́ èéfín náà sí wọn. Mi ò fẹ́ ẹ. Mo fẹ́ kí gbogbo yín rí i dájú pé òun ni olè. Aníwúrà tí wọ́n jà lólè ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: “Benedict, ó tó. Bó tilẹ̀ jẹ́ olè, ó tó.” Ìgbà yẹn ni mo tó fẹ́ ẹ. Mọ́nsúrù dì mọ́ ẹsẹ̀ mi, ojú rẹ̀ ti wú pa, ó ní, “Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀yin lẹ gbà mí.” Ojú ọ̀tún rẹ̀ kò ríran mọ́. A pè é lólè, ó kó lọ sí Òde-Ìrèlè, ibẹ̀ ló kú sí lọ́dún tí ogun parí.

Ní báyìí, ìkòkò Dora, ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ wa, ṣófo, ẹ ní ọmọ olè ló kó o. Mo ti lọ wo ìkòkò náà. Ìdin ló jẹ afárá rẹ̀, nítorí kò tún inú rẹ̀ ṣe kí òjò tó dé. Oyin ṣí lọ fúnra wọn. Àkànkẹ́, o ní o fẹ́ ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ kí orúkọ bàbá rẹ lè mọ́. Bí òun náà ṣe wí nìyẹn. Jókòó, ọmọ mi.

Ẹ yà fún mi. Olè nìyí, ẹni tó fọ́ ojú èèyàn nìyí. Ẹ má fẹ́ èéfín. Mò ń kì í bọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀, mi ò sáré, mi ò mí sí wọn. Ó ti dé ìgunpá. Wọ́n ń rìn lórí ìka mi bí ẹni ń rìn lórí ẹ̀ka igi. Mo ti ń fà á jáde. Ẹ sún mọ́ ọn, ẹ wò ó.

Ohun tí ìkòkò yín mọ̀ nípa olè kò ju èyí lọ. Ẹ gbé e padà sórí igi, kí oyin máa ṣe iṣẹ́ oyin. Ẹni tó bá fẹ́ dá mi lẹ́jọ́, kó fi ẹnu èèyàn dá a. Àkànkẹ́, mú mi lọ sí Òde-Ìrèlè kí ikọ́ yìí tó gbé mi lọ, kí n tún un wí nídìí sàréè rẹ̀, létí gbogbo àwọn tó mọ̀ ọ́n sí olè. Lẹ́yìn náà, bí o bá rí ìdáríjì nínú rẹ, fún mi. Bí o kò bá rí i, mi ò ní bi ọ́ léèrè. Wo ọwọ́ mi, ọmọ mi. Kò tilẹ̀ wú.