Iṣẹ́ Tí Ìyá Sífáwù Rán Mi ní Erékùṣù

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bèèrè orúkọ mi. Obìnrin ni mí, ọmọ Ìlọrin ni mí, mo sì ń ta ìlẹ̀kẹ̀ àti tẹ̀súbà ní Ọjà Tuntun. Gbogbo ọjà ló mọ̀ mí sí ẹlẹ́nu. Bí mo bá ń bá oníbàárà ná ọjà níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, ẹni tó wà lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí máa gbọ́. Àmọ́ ọ̀rọ̀ kan wà tí mo gbé mì láti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn. Kò ṣeé pọ̀, kò sì dà nínú mi.

Mo ń sọ ọ́ báyìí nítorí pé ohun tí mo ṣe sí ọ̀rẹ́ mi ti dé orí ọmọ rẹ̀, ó sì ti fẹ́ dé orí ọmọ-ọmọ rẹ̀. Kí ẹ tó bú mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi dópin.

Sífáwù lọ́rẹ̀ẹ́ mi. Ilé kéwú kan náà la jọ lọ ní Gàmbàrí láti kékeré. Ìyá rẹ̀ ń ṣe wàrà tà. Ẹni tó bá jẹ wàrà ní Gàmbàrí nígbà náà ò ní gbàgbé ti ìyá yìí, torí ó máa ń fi iyọ̀ díẹ̀ sí i bó bá ń sè é, ohun tí àwọn yòókù kì í ṣe. Obìnrin líle ni. Bó bá ti ní rárá, ẹ máa lọ sílé yín.

Sífáwù wá lọ fẹ́ awakọ̀ kan ní Ọ̀fà Gáréèjì. Kò sóhun tó ṣe ọkùnrin náà. Mùsùlùmí ni, ó níwà. Ṣùgbọ́n ìyá ti fi ọmọ náà ṣèlérí fún ọmọ àfáà kan, níbi tí èèyàn ti pọ̀, ojú sì tì í. Ọjọ́ tí Sífáwù ń kẹ́rù jáde, ìyá dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Má tẹ ilé mi mọ́ o. Ọjọ́ tí wọ́n bá ń wẹ òkú mi ni kó o wá."

Ọdún mẹ́wàá kọjá. Sífáwù bímọ, ó gbé ọmọ lọ fi hàn án, ìyá ò ṣílẹ̀kùn.

Nígbà tó yá, oorun dá lójú Sífáwù. Orí ń fọ́ ọ, àyà ń já a, ó ń rù. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, ó fún un lóògùn, ó ní kó lọ síbi tó ti máa sinmi. Sífáwù ní òun mọ ohun tó ń ṣe òun, ìbínú ìyá òun ni. Èmi náà ní tèmi lọ́rùn. Oyún mẹ́ta ti wálẹ̀ lára mi, àwọn ará ilé ọkọ mi sì ti ń wá ìyàwó mìíràn fún un. Bí wọ́n ṣe ń wò mí nígbà náà, n ò lè sọ ọ́ tán.

Ìgbà yẹn la gbọ́ pé àfáà kan máa ń kó àwọn obìnrin lọ sí erékùṣù kan láàárín Odò Ọya, lápá Jẹ́bà, lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn. A wọ bọ́ọ̀sì dé Jẹ́bà, a wọ ọkọ̀ ojú omi. Ẹ̀yin èèyàn, ibẹ̀ dáa. Yanrìn funfun, igi máńgòrò, atẹ́gùn tútù. Láàárọ̀ a máa wẹ̀ nínú odò, ìyàwó Àfáà á fi òrí wọ́ wa lára, wọ́n á fún wa ní oyin àti àgbo. A ń gbààwẹ̀, a ń ṣàdúrà, a ń sùn. Ọdún tí mo ti sùn bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn, n ò rántí.

Èyí tó ga jù níbẹ̀ ni kálúwà. Ọjọ́ méje lèèyàn máa fi dá jókòó nínú ahéré, kò ní bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ àfi Ọlọ́hun. Méjì méjì ni wọ́n sì ń gbà wá. Bí ọ̀kan bá wà nínú ahéré, èkejì á máa ṣọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀, á máa gbé oúnjẹ ìṣínu fún un, á máa dá àlejò dúró. Lẹ́yìn ọjọ́ méje, wọ́n á pààrọ̀. Àfáà ti là á fún wa kí a tó kúrò ní Ìlọrin pé bí ọ̀kan bá já tiẹ̀ láàárín, àwọn méjèèjì ló já. Wọ́n á kẹ́rù wọn, ó di ọdún tó ń bọ̀.

Sífáwù ló kọ́kọ́ wọlé. Èmi ń ṣọ́nà, mo sì ń ka ọjọ́ tó kù kó kàn mí.

Ọjọ́ karùn-ún bọ́ sí Jímọ̀. Àfáà àti àwọn tó kù sọdá lọ kírun lódìkejì. Èmi nìkan ni mo jókòó síta, tí mò ń po kókó, ògì tí a máa fi ṣínu, nígbà tí ọkọ̀ ojú omi tún gúnlẹ̀. Mo rí arúgbó kan tó ń sọ̀ kalẹ̀, ó di igbá mọ́ àyà, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wú. Sùbúhánọ́láhì! Ìyá Sífáwù ni.

Mo sáré kúnlẹ̀. Mo ní, "Ẹ kú àbọ̀ o, Ìyá. Ta ló mú yín débí?"

"Oníbàárà mi kan ló ní ẹ wà níbí. Mo sọ nílé pé mò ń lọ kí ẹbí wa kan ní Jẹ́bà. Sífáwù dà?"

"Ó wà nínú kálúwà, Ìyá. Ó ku ọjọ́ méjì."

Ó yíjú wo ahéré náà. Kò jìnnà. Bó bá pe orúkọ Sífáwù lẹ́ẹ̀kan péré, á gbọ́. Ṣùgbọ́n ilé kéwú ni wọ́n bí ìyá yìí sí. Ó ní, "Kálúwà kì í ṣe ohun tí à ń já. N ò ní pè é." Ó jókòó sórí yanrìn, ó ń mí gúlegúle.

Ó ní, "Ìwọ ni mo rán o. Sọ fún un pé inú mi ti yọ́ sí i. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ náà, mo ti kó o jẹ. Bó bá ti jáde, kó má yà síbì kankan, kó máa bọ̀ nílé wá bá mi. Ara mi ò le, n ò sì fẹ́ kú sínú ìjà yìí. Má rán ẹlòmíràn sí i, má sì lọ sọ ọ́ lọ́jà pé mo wá."

Mo ní, "Inṣá Àlláà, Ìyá. Màá sọ fún un."

Ó gbé igbá náà lé mi lọ́wọ́. Wàrà ló wà nínú rẹ̀. Ó ní, "Jẹ́ kó fi ṣínu." Ọlọ́kọ̀ ti ń pè é. Mo dì í lápá mú wọ inú ọkọ̀, ó lọ. Kókó mi ò tíì jinná tán tó fi wá tó sì fi lọ.

Títí dé ibí, ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo ṣẹ̀? Òfin ni pé a ò gbọdọ̀ bá ẹni tó wà nínú kálúwà sọ̀rọ̀. Ìyá fúnra rẹ̀ ò jẹ́ kí n pè é. Nírọ̀lẹ́, mo dín wàrà náà, mo gbé e fún Sífáwù láti fi ṣínu. Ó jẹ ẹ́. Ó gbójú sókè wò mí, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Mo gbé àwo kúrò.

Ọjọ́ keje pé, Sífáwù jáde. Ojú rẹ̀ ń dán. Ó ti sùn, àyà ò já a mọ́. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ bá mi sọ nìyí: "Ìwọ, níbo lo ti rí wàrà ọjọ́ Jímọ̀ yẹn? Ó dà bíi ti ìyá mi gẹ́lẹ́."

Ẹ̀yin èèyàn, mo la ẹnu. Ọ̀rọ̀ náà ti wà lórí ahọ́n mi. Ṣùgbọ́n mo ti rí ahéré tèmi lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ti gbá a, wọ́n ti tẹ́ ẹní sí i. Bí mo bá sọ ọ́, ojú ẹsẹ̀ ni Sífáwù máa wọ ọkọ̀. Ta ló máa wá ṣọ́ ẹnu ọ̀nà mi? Mo rántí oyún mẹ́ta. Mo rántí ìyàwó tí wọ́n ń bá ọkọ mi wá.

Mo ní, "Wọ́n ń tà á lódìkejì odò."

Ọ̀rọ̀ tí mo sọ nìyẹn. Mo sọ fún ara mi pé ọjọ́ méje péré ni. Mo ní ìyá tó lè wọ bọ́ọ̀sì láti Ìlọrin dé Jẹ́bà, ọjọ́ méje ò lè pa á. Mo ní lọ́jọ́ tí mo bá jáde ni màá sọ ọ́. Fún ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, òfin gbà mí. Fún ọjọ́ méje tó tẹ̀ lé e, n ò ní àwáwí kankan níwájú Ọlọ́hun. Àsìtàgàfurúláì.

Ẹ ò rí bí Sífáwù ṣe tọ́jú mi! Omi gbígbóná, kókó, dàbínù, gbogbo rẹ̀ ló ń gbé wá lásìkò. Bí ewúrẹ́ àwọn Tápà bá ké lẹ́bàá ahéré mi, á lé e kó má dà mí láàmú. Èmi wà nínú ilé, mò ń bẹ Ọlọ́hun pé kó fún mi lọ́mọ, ìyá ẹni tó ń ṣọ́ mi sì ń retí ọmọ tirẹ̀ ní Gàmbàrí.

Ọjọ́ tí a padà, a gba Ọ̀fà Gáréèjì lọ kí ọkọ Sífáwù. Bó ṣe rí wa ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó ní ìyá ti kú, ó di ọjọ́ mẹ́rin. Wọ́n ti sin ín lọ́jọ́ náà, bí a ti ń ṣe. Àwọn ará ilé ní àwọn ò wá Sífáwù torí ìyá ló lé e.

Sífáwù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín àwọn ọkọ̀ inú gáréèjì. Ó ní, "Ọjọ́ kan ṣoṣo ló fún mi. Ó ní kí n wá wẹ òkú òun. N ò tún dé."

Ẹ ṣírò rẹ̀ wò. Sífáwù ti jáde nínú kálúwà, ó tó ọjọ́ mẹ́rin, kí ìyá rẹ̀ tó kú. Bí mo bá sọ ọ́, wọn ì bá rí ara wọn. Wọn ì bá jọ jókòó, wọn ì bá jọ jẹun.

Mo ní màá sọ ọ́ lẹ́yìn fídáù ọjọ́ kẹjọ. Mo ní lẹ́yìn ogójì ọjọ́. Lẹ́yìn náà ni mo lóyún, ẹ̀rù sì bà mí pé bí mo bá sọ ọ́, tí Sífáwù bá fi omijé ṣépè fún mi, oyún náà á wálẹ̀. Ó dúró, mo bí ọkùnrin. Sífáwù ló gbé e sẹ́sẹ̀ lọ́jọ́ ìsúnà tí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ. Gbogbo èèyàn ń sọ pé erékùṣù yẹn mà ní àlùbáríkà o. Mò ń ṣàmín.

Àwọn àgbà ní bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a máa ń fi tọmọ jẹ́ ẹ. Èmi tí wọ́n rán níṣẹ́ ọmọ, n ò jẹ́ ẹ rárá.

Lọ́dọọdún, bí Rámàdánì bá dé, Sífáwù máa ń bi mí pé, "Ṣé o rò pé ìyá mi ti dárí jì mí?" Màá ní, "Ọlọ́hun nìkan ló mọ̀." Èmi tí mo mọ̀! Èmi tó jẹ́ pé etí mi ló sọ ọ́ sí!

Ǹjẹ́ ẹ gbọ́ ohun tó wá mú mi kọ̀wé yìí? Sífáwù ní ọmọbìnrin kan, Múnírátù, ọmọ ogún ọdún. Ó ní ọkùnrin kan tó ń tún rédíò ṣe lòun máa fẹ́, Sífáwù ò gbà, ọmọ náà sì fẹ́ ẹ síbẹ̀síbẹ̀. Wọ́láhì, ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ gan-an ló tún jáde lẹ́nu Sífáwù: kó má tẹ ilé òun mọ́ títí wọn ó fi wẹ òkú òun.

Múnírátù wá sí ṣọ́ọ̀bù mi pẹ̀lú oyún. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Àǹtí, ẹ bá mi bẹ màmá mi. Ẹ̀yin nìkan ni wọ́n ń gbọ́ tiyín." Mo gbé e dìde, mo lọ.

Mo bẹ Sífáwù títí. Mo ní ọmọ ẹni kì í burú títí ká fi í fún ẹkùn pa jẹ. Ó wò mí, ohùn rẹ̀ ò tilẹ̀ ga. Ó ní, "Ìwọ, ojú rẹ ló ṣe. O mọ̀ bí ìyá mi ṣe kú láì dárí jì mí. Ohun tẹ́nikẹ́ni ò fún mi, níbo ni kí n ti rí i fún ẹlòmíràn?"

Èmi ẹlẹ́nu! Mo ní ó dàárọ̀, mo jáde.

Láti ọjọ́ náà, mo ti padà síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Bí mo bá ti wọlé, á gbé àga fún mi, á bi mí léèrè ọmọ mi, ẹnu mi á sì kú. Bí mo bá sọ ọ́, mo pàdánù ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo tí mo ní láyé. Bí mo bá dákẹ́, Múnírátù pàdánù ìyá.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń kà mí, mo mọ ohun tí ẹ máa sọ. Mo kàn fẹ́ kí ẹlòmíràn fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún mi, kí n má tún rí ibi sá sí. Ẹ sọ bí mo ṣe máa bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ fún mi. Bí ẹ bá fẹ́ bú mi, ẹ bú mi, mo gbà. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kó pẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù kí Múnírátù bímọ, ìyá rẹ̀ sì ti búra pé òun ò ní ṣílẹ̀kùn fún ọmọ náà.