Ìjánu Tí Mo Rẹ́ Kúrò Lórí Ṣéènì

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí ahọ́n mi tó wúwo. Dókítà ti pe ọmọbìnrin mi sí kọ̀rọ̀, ó rò pé n kò gbọ́, ó ní ọkàn mi ti rẹ̀, pé kí wọ́n máa fún mi ní ohunkóhun tí mo bá fẹ́. Ohun tí mo fẹ́ kò sí lọ́wọ́ wọn. Mo fẹ́ kí ẹni tó bá ka ìwé yìí mọ̀ pé apá òsì tí àna mi pàdánù lọ́dún mọ́kànlélógún sẹ́yìn, èmi ni mo gé e, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ mi kò sí lára ẹ̀rọ lọ́jọ́ náà. Ọmọ mi ló ń bá mi kọ ọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti gbé bírò sílẹ̀, tó ní, "Bàbá, ṣé ká sinmi ná?" Mo ní kó máa kọ lọ. Bí mo bá sinmi, irọ́ dídùn ni n óò tún pa. Mo mọ ara mi.

Iṣẹ́ pípọ́n ṣéènì, ìyẹn ẹ̀wọ̀n eléyín tó ń yí lára ẹ̀rọ ìgégi, ni mo ṣe jẹun. Ilé iṣẹ́ tó ń gé igi gẹdú ni, ṣọ́ọ̀bù mi sì jẹ́ yàrá onípáànù kan báyìí tó ní fèrèsé ẹyọ kan. Abẹ́ fèrèsé yẹn ni tábìlì irin mi wà, pẹ̀lú báìsì tó ń di nǹkan mú, àti fáìlì oríṣiríṣi tí mo tò bí ẹni to ṣíbí. Láràárọ̀ ni àwọn agégi ń kó ṣéènì ẹ̀rọ wọn tó ti kú wá, èmi a sì fi fáìlì rin eyín wọn lọ́kọ̀ọ̀kan títí wọn yóò fi máa kọ mànà. Gbogbo ẹni tó bá ti gé igi rí ló mọ̀ pé ṣéènì tó mú máa ń tu ègé igi jáde, èyí tó kú sì máa ń tu ìyẹ̀fun àti èéfín. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé kókó irin kékeré kan wà níwájú eyín kọ̀ọ̀kan. Ìjánu ni àwa onípọ̀n, àwa tí à ń pọ́n ṣéènì, ń pè é. Òun ni kì í jẹ́ kí eyín bu igi ju ìwọ̀n lọ. Bí o bá rẹ́ ìjánu díẹ̀, ṣéènì á yára sí i. Bí o bá rẹ́ ẹ jù, ṣéènì á di oníwọra, á máa já igi jẹ, lọ́jọ́ kan á sì ta ẹ̀rọ padà sára ẹni tó mú un dání. Mo mọ èyí dáadáa. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó fẹ́ràn mi sọ fún yín pé n kò mọ̀.

Àbúrò ìyàwó mi wà lára àwọn agégi wa, kò sì sí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà tó o. Ẹlẹ́rìn-ín là ń pè é, nítorí pé ẹ ó ti gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ kí ẹ tó rí ojú rẹ̀. Èmi ni mo mú un wọ iṣẹ́. Bọ̀dá ló ń pè mí, bó bá sì ra bàtà tuntun, ilé mi ló máa kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ wá kí n lè yẹ̀ ẹ́ wò.

Lọ́jọ́ kan, ọlọ́jà kan gbé ṣéènì irú tuntun wá fún wa. Ó ń dán, wọ́n wé e sínú bébà aláwọ̀ wúrà. Mo gbé ọ̀kan, mo fi àtàǹpàkò tọ́ eyín rẹ̀ wò, ó mú bí abẹ. Kò sẹ́ni tó bi mí ní nǹkan kan o. Ẹnu mi ló ń yún mi. Mo yíjú sí ọ̀gá ilé iṣẹ́, mo ní, "Ọ̀gá, èyí tí à ń lò yìí ti dàgbà jù. Tuntun yìí á gé igi ní ìdajì àkókò." Ìyá Sítọ́ọ̀, ìyẹn obìnrin tó ń tọ́jú àwọn ẹ̀yà ẹ̀rọ, tó ti wà níbẹ̀ kí gbogbo wa tó dé, wò mí láti òkè délẹ̀. Ó ní, "Onípọ̀n, ṣé igi lo fi gé ni, àbí àtàǹpàkò rẹ?" Ni gbogbo wọn bá bú sẹ́rìn-ín. Ti Ẹlẹ́rìn-ín ló sì ròkè jù. Kò ní in lọ́kàn láti bú mi, bó ṣe ń rẹ́rìn-ín ohun gbogbo nìyẹn, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà wọ̀ mí lára bí ẹ̀gún.

Ọ̀gá ní ọ̀rọ̀ náà kò gba ariwo. "Ẹ gbé méjèèjì wá lọ́jọ́ Sátidé. Igi kan náà, ẹ̀rọ kan náà, Ẹlẹ́rìn-ín ni yóò gé e. Èyí tó bá yára jù la ó máa lò. Bó bá jẹ́ tuntun, á jẹ́ pé onípọ̀n wa lójú, òun ni n óò fi ṣe olórí ṣọ́ọ̀bù."

Ní Ọjọ́bọ̀, nígbà tí àwọn yòókù lọ jẹun ọ̀sán, mo gbé ẹ̀rọ kan lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù láti dán wọn wò fúnra mi. Mo pọ́n méjèèjì bákan náà. Ṣéènì àtijọ́ gba inú ìtì igi kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rìnlá. Tuntun lo mọ́kàndínlógún. Mo rò pé bóyá mo fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ jù, mo tún un ṣe. Nígbà tí mo dé ìgbà kẹwàá, àtijọ́ ṣì wà ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ègé igi rẹ̀ funfun, ó tóbi. Tuntun ti lé ní ọgbọ̀n, ó ń tu ìyẹ̀fun, ó ń rú èéfín bí ẹni fẹ́ dáná. Irin rẹ̀ rọ̀, kò lè di ẹnu rẹ̀ mú. Òótọ́ ni Ìyá Sítọ́ọ̀ sọ. Ohun tó yẹ kí n ṣe kò ju kí n rin ogún ìṣísẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì, kí n ní, "Ọ̀gá, mo ti sọ̀rọ̀ jù." Wọn ì bá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, ó sì tán. Ọ̀sẹ̀ kan péré! Ẹ wo ohun tí mo fi yẹra fún ẹ̀rín ọ̀sẹ̀ kan.

Mo padà sínú ṣọ́ọ̀bù, mo ti ilẹ̀kùn. Mo mú fáìlì pẹlẹbẹ, mo rẹ́ ìjánu ṣéènì tuntun náà lọ́kọ̀ọ̀kan títí wọ́n fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Lẹ́yìn náà mo mú àtijọ́, mo fi etí tábìlì irin ha á lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹnu rẹ̀ lè kú díẹ̀, kó má pọ̀ tí ojú á fi rí i. Ọwọ́ mi kò gbọ̀n. N kò lè purọ́ lórí ìyẹn náà.

Lọ́jọ́ Sátidé, gbogbo òṣìṣẹ́ yí ìtì igi ká. Ọ̀gá ló di aago mú. Àtijọ́ lo mẹ́tàlélógún, tuntun lo mẹ́sàn-án. Àwọn ènìyàn pariwo, wọ́n gbé mi sókè. Ìyá Sítọ́ọ̀ nìkan ló lọ síbi ìtì igi náà. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bu ègé igi, ó fi ìka tú u wò, ó wá wò mí tìyanutìyanu. Ẹlẹ́rìn-ín pa ẹ̀rọ, ó nu òógùn, ó rọra wá bá mi, ó ní, "Bọ̀dá, ẹ kú oríire. Àmọ́ ṣéènì yìí ń fà mí o. Ó ń ṣe bí ẹni pé ó fẹ́ já gbà lọ́wọ́ mi."

Mo ní, "Bí èyí tó mú ṣe ń ṣe nìyẹn. Tàtijọ́ ló ti kọ́ ọ ní ọ̀lẹ."

Ó rẹ́rìn-ín, ó gbà. Ohun tí mo bá sọ, gbígbà ló máa ń gbà á.

Wọ́n sọ mí di olórí ṣọ́ọ̀bù. Ṣùgbọ́n irọ́ tí mo pa kò jẹ́ kí n jókòó. Gbogbo ṣéènì tuntun tí wọ́n kó dé gbọ́dọ̀ yára bí ti ọjọ́ Sátidé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọn á bi mí léèrè. Nítorí náà, gbogbo rẹ̀ ni mo ń rẹ́ ìjánu wọn, ọ̀sẹ̀ lórí ọ̀sẹ̀, fún nǹkan bí oṣù méjì. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Ẹlẹ́rìn-ín tún wá. Nígbà kejì, kò rẹ́rìn-ín. Ó fi ọrùn ọwọ́ rẹ̀ tó wú hàn mí, ó ní, "Bọ̀dá, ẹ bá mi wò ó dáadáa, ẹ̀rọ náà ta sókè lánàá, díẹ̀ ló kù." Mo di ọwọ́ náà mú. Mo rí i pé ó ń dùn ún. Mo sì wo ojú ọmọ ìyá ìyàwó mi, mo ní, "Ṣéènì kò ṣe nǹkan kan. Ọwọ́ rẹ ni kò dúró mọ́. Máa fiyè sí i." Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni. Ó dúpẹ́, ó lọ.

Ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn ìyẹn ló ṣẹlẹ̀, ní nǹkan bí agogo mọ́kànlá àárọ̀. Orí ẹ̀rọ rẹ̀ kan ẹ̀ka kan tó fara pamọ́ sẹ́yìn ìtì, ṣéènì oníwọra já ẹ̀ka náà jẹ, ẹ̀rọ sì ta padà. Igbe kan ṣoṣo la gbọ́. Nígbà tí mo fi sáré débẹ̀, wọ́n ti fi bẹ́líìtì di apá rẹ̀, wọ́n ń gbé e sínú ọkọ̀. Ó rí mi, ó ní, "Bọ̀dá, ẹ tẹ̀lé mi." Mo ní mò ń bọ̀ lẹ́yìn.

N kò tẹ̀lé e. Ibi tí mo dé yìí ni ọmọ mi tún ti gbé bírò sílẹ̀. Gbogbo ènìyàn sá tẹ̀lé ọkọ̀, ó wá ku èmi àti ẹ̀rọ náà nílẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn olùbẹ̀wò tó ń wádìí jàǹbá iṣẹ́ yóò dé, pé ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yóò wo ìjánu. Mo sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù, mo mú ṣéènì kan tí n kò tíì fọwọ́ kàn, mo tú ti ara ẹ̀rọ kúrò, mo sì fi èkejì sí i. Ó mọ́ jù. Ẹnikẹ́ni tó bá rí i yóò béèrè. Mo mú àkísà, mo fi nu ẹ̀jẹ̀ àna mi kúrò lára ṣéènì tí mo tú, mo sì fi àkísà yẹn kan náà pa èyí tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dè lára. Ẹ̀jẹ̀ náà ṣì gbóná. Mo ń nù ún, mo ń pa á, bí ẹni ń kun ilẹ̀kùn. Ọlọ́run ló rí mi.

Àwọn olùbẹ̀wò dé lọ́sàn-án. Wọ́n yẹ ṣéènì wò, kò ní àléébù. Wọ́n bi mí pé kí ni mo rò. Mo ní, "Àna mi ni, ó dùn mí láti sọ ọ́, mo ti ń kìlọ̀ fún un pé ọwọ́ rẹ̀ kò dúró mọ́." Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀: àìfiyèsí agégi. Ìwé yẹn ni wọ́n fi lé e kúrò níbi iṣẹ́ láìfún un ní ohunkóhun. Mo kó gbogbo ṣéènì tí mo ti bà jẹ́ dà sínú kànga gbígbẹ kan lẹ́yìn ọgbà, mo ní wọ́n ti gbó. Ìyá Sítọ́ọ̀ bi mí pé, "Nǹkan oṣù méjì, ó ti gbó?" Mo jágbe mọ́ ọn, mo ní èmi ni olórí. Kò pẹ́ tó fi iṣẹ́ sílẹ̀, kò sì dágbére fún mi.

Mo ń gbé oúnjẹ lọ fún Ẹlẹ́rìn-ín ní ilé ìwòsàn. Ó máa ń sọ fún àwọn nọ́ọ̀sì pé, "Bọ̀dá mi nìyí, ó kìlọ̀ fún mi, etí mi ló di." Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ bímọ lọ́dún tó tẹ̀lé e, kò jẹ́ kí wọ́n gbé ọmọ náà lé òun lọ́wọ́. Ó ní ọ̀tún tó kù yìí náà, òun kò fọkàn tán an. Ẹ̀rín rẹ̀ lọ, orúkọ náà sì kú lẹ́nu wa. Ìyàwó mi kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo dúró ti àbúrò òun. Ọdún kejì rèé tí ìyàwó mi ti kú, inú ọpẹ́ yẹn ló kú sí.

Lóṣù tó kọjá mo ní kí wọ́n bá mi pe àna mi wá. Ó jókòó síbi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, irun rẹ̀ ti funfun. Mo sọ ọ́ fún un gẹ́gẹ́ bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín, n kò pa ti àkísà mọ́. Mo ń retí pé yóò lù mí. Ohùn rẹ̀ kéré, ó ní, "Kì í wá ṣe ọwọ́ mi?"

Mo ní, "Rárá."

Ó tún béèrè, "Ẹ dá mi lóhùn dáadáa. Kì í ṣe ọwọ́ mi rárá?"

Mo ní, "Kò sí ohun tó ṣe ọwọ́ rẹ rí."

Ó gbé ọ̀tún rẹ̀ sókè, ó tẹjú mọ́ ọn, ó ń ṣí i, ó ń pa á dé. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀ ṣùgbọ́n kò nù ún. Ó wá dìde, ó ní, "Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ fọwọ́ sí i. N óò kà á sétígbọ̀ọ́ àwọn ọmọ mi." Bọ̀dá tó máa ń fi kún ọ̀rọ̀, kò fi kún un. Kò tíì padà wá.

Ìwé náà nìyí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ṣẹ́, bí ẹ bá ti sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ lójú àwọn ènìyàn, ẹ tètè padà lọ sọ pé ẹ ṣì í, nígbà tí kò tíì ju ìtìjú lọ. Ìyá Sítọ́ọ̀, bí ẹ bá wà láyé, òótọ́ lẹ sọ, mo sì tọrọ àforíjì. Ní ti àna mi, mo bẹ ẹ̀yin mọ̀lẹ́bí, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́. Ẹ bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré. Bó bá ní òun kò gbà, ẹ fi í sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì bínú sí i nítorí mi.