Èmi Ni Mo Gbé Kọ́kọ́rọ́ Síta, Wàsíù Ni Wọ́n Lé

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ ara mi ti sú mi. Bí ẹ bá rí mi ní àdúgbò Jójú ní Ṣàngó níbí, pẹ̀lú káàdì ilé iṣẹ́ lọ́rùn mi, ẹ ó ní ọ̀gá ńlá ni obìnrin yìí. Ọ̀gá wo? Ọ̀gá tó jẹ́ kí wọ́n lé ọmọlúàbí kúrò lẹ́nu iṣẹ́ nítorí ohun tí òun fúnra rẹ̀ ṣe! Ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà báyìí tí mo ti ń gbé e kiri nínú. Mi ò sọ fún ọkọ mi, mi ò sọ fún pásítọ̀ mi. Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ mí ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún.

Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọṣẹ ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Àgbárá. Ẹ má rò pé ìdí ẹ̀rọ ọṣẹ ni mo wà o, yàrá kọ̀ǹpútà ni tèmi. Àwa mẹ́rin la wà níbẹ̀ tí à ń kọ kóòdù, ìyẹn àwọn àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀lé, kí àwọn oníṣòwò lè máa fi fóònù béèrè fún ọṣẹ, kí ilé iṣẹ́ sì máa fi àtẹ̀jíṣẹ́ dá wọn lóhùn. Èmi ni olórí wọn. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì là ń kó kóòdù wa pamọ́ sí, apá kan níbẹ̀ sì ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé, nítorí pé àwọn ilé ìtajà tó ń bá wa rà ní oníkọ̀ǹpútà tiwọn tó ń wá wo tiwa kí tiwọn lè bá a mu. Ìdí nìyẹn tí mo fi ṣòfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ kọ́kọ́rọ́ ilé iṣẹ́ sínú kóòdù. Kọ́kọ́rọ́ yìí kì í ṣe irin, lẹ́tà àti nọ́ńbà gígùn kan ni. Ẹni tó bá ti tẹ̀ lọ́wọ́ lè fi orúkọ ilé iṣẹ́ wa ránṣẹ́ sí ẹni tó bá wù ú.

Mo sọ ọ́ sọ ọ́, ẹnu fẹ́rẹ̀ẹ́ bó mi. Ọ̀sẹ̀ kan kò ní lọ kí n má bá kọ́kọ́rọ́ níbi tí kò yẹ. Èyí á ní òun kàn fẹ́ dán an wò ni, ìyẹn á ní òun máa yọ ọ́ lọ́la. Ta ló ń so kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀ mọ́ géètì, tó wá ní lọ́la ni òun máa padà wá mú un? Nígbà tó yá, mo gbé ẹ̀ṣọ́ kan kalẹ̀, kóòdù kékeré tó ń yẹ iṣẹ́ wò kó tó kúrò lórí kọ̀ǹpútà wa. Bó bá rí ohun tó jọ kọ́kọ́rọ́, á dá iṣẹ́ náà dúró. Ẹ ò bá gbọ́ ariwo! Wọ́n ní ẹ̀ṣọ́ mi ń fà, wọ́n ní ó ń rí olè níbi tí olè kò sí. Ohun tó sì ń bí mi nínú jù ni pé ọ̀rọ̀ kan wà tí èèyàn lè tẹ̀ tí ẹ̀ṣọ́ á fi dijú, gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n, aago márùn-ún ku díẹ̀ ni wọ́n sì máa ń tẹ̀ ẹ́. Torí kí ni? Torí bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́!

Ẹni tí kò bá gbé Ṣàngó kó máa ṣiṣẹ́ ní Àgbárá kò lè mọ ohun tí mò ń wí. Aago márùn-ún géérégé ni bọ́ọ̀sì wa ń gbéra, dírẹ́bà kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bó bá fi ọ́ sílẹ̀, ọ̀kadà dé Lúsádà, kí o tún wọ òmíràn dé Àtàn, nínú kòtò lọ́tùn-ún, nínú kòtò lósì. Bó bá ti fọn fèrè báyìí, gbogbo wọn á máa ju iṣẹ́ ọjọ́ náà síta bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó. Mo bínú, mo lẹ òfin mọ́ ògiri, mo ní ẹni tí mo bá tún mú, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn.

Wàsíù nìkan ni kì í dá mi lágara. Ọmọ Ọ̀tà gan-an ni, jẹ́jẹ́ ló ń ṣe, "ẹ̀gbọ́n" ló sì ń pè mí, kì í pè mí ní mádáàmù bí àwọn yòókù. Ní ọjọ́bọ̀ kan, nígbà tó kù díẹ̀ kí aago márùn-ún lù, kọ̀ǹpútà mi kú, mo bá jókòó sí ti Wàsíù nígbà tó lọ kírun Aláásárì. Ilé ìtajà kan ló ń pariwo pé àtẹ̀jíṣẹ́ wa kò dé ọ̀dọ̀ òun. Mo kọ kọ́kọ́rọ́ sínú kóòdù kí n lè tètè dán an wò. Ó ṣiṣẹ́. Bí mo ṣe ní kí n fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́, ẹ̀ṣọ́ dá mi dúró, ó ní kọ́kọ́rọ́ rèé. Dírẹ́bà fọn fèrè. Ṣé ẹ mọ ohun tí mo ṣe? Mo tẹ ọ̀rọ̀ yẹn! Mo ní lọ́la ni n ó yọ ọ́. Èmi! Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo sáré pa á rẹ́. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ló mọ̀ pé pípa rẹ́ kò ṣe nǹkan kan, nítorí pé ibi ìpamọ́ yẹn kì í gbàgbé, ẹ̀dà àná ṣì wà níbẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ gan-an ló yẹ kí n pààrọ̀. Láti pààrọ̀ rẹ̀, mo ní láti kọ̀wé sí mánéjà, kí n sọ ìdí, kí n fọwọ́ sí i. Èmi tí òfin mi wà lára ògiri? Ojú tì mí. A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá, làpálàpá ni mo pa, mo sì jókòó jẹ́ẹ́.

Àwọn olè kan wà tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n máa ṣa irú kọ́kọ́rọ́ bẹ́ẹ̀ kiri orí íńtánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì rí tiwa. Ní ọjọ́ Ajé, àtẹ̀jíṣẹ́ jáde lórúkọ wa pé à ń gba òṣìṣẹ́, kí èèyàn kọ gbogbo nǹkan nípa ara rẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù kan, kó sì wá ní Ọjọ́rú. Nígbà tí bọ́ọ̀sì wa dé lọ́jọ́rú, a ò rí géètì mọ́, èrò ni! Obìnrin kan di ọwọ́ mi mú, ó ní òun ti kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ níbi tí òun wà.

Mánéjà pe gbogbo wa. Wọ́n tú ibi ìpamọ́ wò, wọ́n sì rí orúkọ ẹni tó gbé kọ́kọ́rọ́ síta. Wàsíù ni, nítorí pé kọ̀ǹpútà rẹ̀ ni. Wàsíù ní, "Sà, wàláì, mi ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀." Mánéjà yíjú sí mi: "Mádáàmù, ẹ̀yin lẹ ṣòfin. Kí lẹ rí sí i?" Ẹ ò rí i pé Ọlọ́run ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún mi? Mo ní, "Sà, orúkọ rẹ̀ ló wà níbẹ̀." Kò sí irọ́ kankan nínú gbólóhùn yẹn, mi ò sì tíì pa irọ́ tó tó ìyẹn láyé mi. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́, ṣùgbọ́n èmi àgbà yìí ni mo tẹ orí ọmọ. Kó tó di ọ̀sán, Wàsíù ti gbé báàgì rẹ̀ lọ.

Ní Sátidé tó kọjá, ó wá kí mi nílé, ó gbé ọ̀pẹ̀ òyìnbó méjì wá láti oko bàbá rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀. Ó ní ibi tí òun ti ń wáṣẹ́ fẹ́ lẹ́tà tó máa jẹ́rìí sí ìwà òun, pé èmi nìkan ni òun lè bẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo ti rò ó títí. Ó ní láti jẹ́ pé èmi ni mo ṣe é lóòótọ́, mi ò kàn rántí ni. Orúkọ mi ò lè dédé wà níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí."

Mo ní mo ti foríjì í. Ẹ gbọ́ mi báyìí? Mo ní mo ti foríjì í!

Ẹ má sọ fún mi pé kí n gbàdúrà sí i, mo ti gbà á. Bí mo bá sọ̀rọ̀, iṣẹ́ mi lọ nìyẹn, ọkọ mi kò sì tíì ríṣẹ́ láti ìgbà tí ilé iṣẹ́ tiẹ̀ ti kógbá sílé. Bí mi ò bá sọ̀rọ̀, Wàsíù á máa gbà pé tòun ni ẹ̀ṣẹ̀ mi títí ayé rẹ̀. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn kíákíá, torí ọ̀la ló ń bọ̀ wá gba lẹ́tà rẹ̀, gbólóhùn kan ṣoṣo ni mo sì tíì kọ síbẹ̀: olóòótọ́ èèyàn ni Wàsíù.